Èló ni ọkọ̀ ń jẹ lóṣù?

  Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ohun kan tí ó wu púpọ̀ nínú wa, èyíinì ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. A bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí ó kà á sókè ní ìpàdé, kí ó má kánjú, kí ẹni tí kò mọ̀wé kà náà lè gbọ́ ọ yé. Ìbéèrè wà ní ìparí tí ẹ ó fi ṣe ìjíròrò.

A kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé aboyún sórí ọ̀kadà lóru rí mọ ìwúlò ọkọ̀ ní abúlé. Ẹni tí iṣu rẹ̀ ti sùn sí ẹ̀bá ọ̀nà nítorí pé ọkọ̀ kò kọjá mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé owó tí a fi ra ọkọ̀ kọ́ ni gbogbo owó ọkọ̀. Láyé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá ra ẹṣin mọ̀ pé òun ní láti máa wá koríko fún un. Ọkọ̀ náà ń jẹun, bí ó tilẹ̀ dúró sójú kan.

ÌBÉÈRÈ ÌYÁ TÍ Ó Ń TA GÀÁRÌ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú ẹgbẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, ọmọ ẹgbẹ́ kan tọrọ ẹ̀yáwó láti fi kún owó ọwọ́ rẹ̀ kí ó lè ra ọkọ̀ tòkunbọ̀. Èèyàn dáadáa ni, kò sì jẹ gbèsè ẹgbẹ́ rí. Owó ìfipamọ́ rẹ̀ tó, onídùúró méjì buwọ́ lùwé fún un, ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí àwa náà dé láti yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, a rí i pé gbogbo rẹ̀ bá òfin mu. A fàmì sí i, a sì kọjá lọ.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà dé, wọ́n pa adìyẹ. Ní oṣù kẹrin, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná lójú òkè, gáskẹ́ẹ̀tì sì jó. Owó tí ó yẹ kí ó san fún ẹgbẹ́ lóṣù náà ni ó fi tún un ṣe. Ní oṣù karùn-ún, táyà méjì bẹ́. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹjọ, ọkọ̀ ti wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹni tí ó yá owó kò sì lè san kọ́bọ̀ mọ́. Gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́ ti wí, wọ́n yọ gbèsè náà nínú owó àwọn onídùúró.

Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró yìí ni ìyá kan tí ó ń ta gàárì. Owó tí wọ́n yọ yìí ni ó ń tọ́jú fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ti gba ìwé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ náà jókòó sílé lọ́dún náà. Ìyá yìí wá sí ìpàdé, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì sunkún. Ó kàn yíjú sí wa, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ dákun, èló ni ọkọ̀ yẹn ń jẹ lóṣù, tí gbogbo yín fi rí i pé ó lè san owó wa?"

Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ kò mọ̀, ìgbìmọ̀ kò mọ̀, àwa náà kò mọ̀. Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó béèrè iye tí ó ń wọlé fún un, ó béèrè owó ìfipamọ́ rẹ̀ àti orúkọ onídùúró. Kò béèrè iye tí ohun tí ó fẹ́ rà yóò máa jẹ. Àwa tí ó yẹ kí a kọ́ ẹgbẹ́ kò sì béèrè. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wá ìdáhùn ìyá náà.

BÀBÁ OLÙKỌ́ ÀTI ÌWÉ RẸ̀

Ọ̀dọ̀ bàbá olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń gbé ní ìtòsí Òsì, ni a ti rí ìdáhùn tí ó tẹ́ wa lọ́rùn. Bàbá yìí fẹ́ràn ọkọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ó ti ń wakọ̀ kí Nàìjíríà tó kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọkọ̀ méjì ni ó wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀: Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, èyí tí ó rà ní 1978 nígbà tí ó ń kọ́ni, àti Peugeot 504 elérò, oníjókòó ìlà mẹ́ta, tí ó rà ní àlòkù lẹ́yìn náà. Àwọn méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni ìwé tí ó tò sórí pẹpẹ. Láti 1978 ni bàbá yìí ti ń kọ gbogbo owó tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ná an sílẹ̀: epo, ọ́ìlì, pílọ́ọ̀gì, táyà, àti owó mẹkáníìkì. Ó ń kọ iye kìlómítà tí ó rìn pẹ̀lú. Ó ní: "Ìsípẹ́kítọ̀, ọmọ mi, ẹgbẹ́ ni ó yá mi lówó Ìjàpá yìí. Mo rò ó pé bí ẹgbẹ́ bá ní ìwé owó tirẹ̀, ó yẹ kí ọkọ̀ náà ní tirẹ̀."

Ẹni tí ó bá ka ìwé bàbá yìí yóò rí ìtàn ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa nínú rẹ̀. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ọdún náà gan-an ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ ní Èkó. Lákòókò náà, olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba lè fi ẹ̀yáwó ra ọkọ̀ tuntun. Nígbà tí ó di 1986, tí ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà, agbára náírà wálẹ̀ gidigidi, ọkọ̀ tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Tòkunbọ̀ ni ó kù fún wa, àti ọ̀kadà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti parí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye owó lítà kan ju ìlọ́po méjì lọ, nígbà tí ọdún 2024 sì fi máa parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Nínú ìwé bàbá, ìlà kékeré ni epo jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lónìí òun ni ó ń kún ojú ìwé.

OHUN TÍ BÀBÁ RÒ NÍPA ỌKỌ̀

A bi í pé ọkọ̀ wo ni ó dára jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ọkọ̀ tí ó dára jù ní Èkó lè má dára ní Ìlọ́fà. Kí o tó béèrè bí ọkọ̀ ti ń sáré tó, béèrè ibi tí ẹni tí yóò tún un ṣe ń gbé."

Nípa Ìjàpá, ó ní ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, orí ẹsẹ̀ tí ó ń ti ọkọ̀ síwájú gan-an ni ó jókòó lé. Ìdí nìyí tí ó fi ń fi ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ dáadáa nínú ẹrẹ̀ àti lójú òkè. Kò ní rẹdiétọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń mú un tutù, nítorí náà kò sí omi tí yóò gbẹ. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ariwo rẹ̀ pọ̀, kò sì lè gba ẹrù púpọ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún tí a ṣe nínú rẹ̀ káàkiri ayé kí èyí tí ó kẹ́yìn tó jáde ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ní oṣù keje ọdún 2003.

Nípa 504, ó ní ó ga nílẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ sì rọ̀, kò ń kọ gegele. Ní Yúróòpù, wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe é dúró ní 1983, ṣùgbọ́n Kàdúná ṣì ń tò ó fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn náà. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó ń mu epo. Nítorí náà bàbá kì í gbé e jáde ju ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ìnáwó lọ. Ó ní: "Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé yìí ni ó ń sọ fún mi ibi tí mo lè fẹ́ràn rẹ̀ dé."

Nípa Toyota tí ó kún ojú ọ̀nà wa lónìí, ó ní ohun tí ó mú kí ó pọ̀ ni pé ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní gbogbo ọjà, mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n sì pọ̀. Bí 504 ti rí láyé ọjọ́un nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òde òní ní kọ̀ǹpútà nínú. Bí nǹkan bá ṣe é, yóò tan iná kékeré kan tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì sí iwájú awakọ̀. Àwọn mìíràn ń lẹ nǹkan mọ́ iná náà kí ó má baà máa dà wọ́n láàmú. Bàbá ní ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò wo àrùn, ẹnu aláìsàn ni ó dí. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, kí ó sì ka owó rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dá ìyá oní-gàárì lóhùn. Àpẹẹrẹ ni iye owó tí a óò lò yìí. Ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù ní ₦2,400,000. Ó ní ìdajì lọ́wọ́, ó sì fẹ́ yá ₦1,200,000 tí yóò fi oṣù 24 san. Ìyẹn jẹ́ ₦50,000 lóṣù, láìka èlé. Ìgbìmọ̀ wò ó pé lẹ́yìn oúnjẹ àti owó ilé ìwé, ₦100,000 ni ó ń ṣẹ́kù fún un lóṣù. Wọ́n ní, "Ó lè san án." Ẹ dúró ná. Ẹ wo ohun tí ọkọ̀ yóò jẹ:

Táyà mẹ́rin, ₦216,000, tí yóò lo oṣù 36: ₦6,000 lóṣù.
Ọ́ìlì àti fílítà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ₦30,000: ₦10,000 lóṣù.
Bátìrì, ₦72,000, tí yóò lo oṣù 24: ₦3,000 lóṣù.
Ìwé ọkọ̀ àti ìdójútòfò lọ́dún, ₦36,000: ₦3,000 lóṣù.
Owó mẹkáníìkì àti ẹ̀yà ara tí a yà sọ́tọ̀: ₦20,000 lóṣù.
Àpapọ̀: ₦42,000 lóṣù.

A kò tíì ra epo o. Bí ó bá ń rin kìlómítà 400 lóṣù, tí lítà kan sì ń gbé e rin kìlómítà 10, lítà 40 ni. Ní ₦1,000 fún lítà kan, ìyẹn jẹ́ ₦40,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ₦50,000 ti ẹgbẹ́, ₦42,000 ti ìtọ́jú, ₦40,000 ti epo, ó di ₦132,000. Ọkùnrin tí a ní ó lè san án yìí ń fi ₦32,000 jẹ gbèsè lóṣooṣù kí a tó ka èlé. Kì í ṣe olè, kì í sì ṣe ọ̀lẹ. Ìṣirò ni a kò ṣe fún un. Ọwọ́ onídùúró ni ₦32,000 yẹn yóò sì ti jáde nígbẹ̀yìn.

Ohun kan tún wà tí kì í jáde lápò lóṣooṣù tí ó sì jẹ́ owó. Ọkọ̀ ń gbó. Bí ẹni yìí bá lo ọkọ̀ fún ọdún márùn-ún, tí ó sì tà á ní ₦900,000, ₦1,500,000 ti lọ. Pín in sí oṣù 60, ó jẹ́ ₦25,000 lóṣù. Ẹni tí ó bá ti san gbèsè rẹ̀ tán, kí ó máa fi ₦25,000 yìí pamọ́ sí ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Òun ni yóò fi ra ọkọ̀ mìíràn láìtún tọrọ onídùúró.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo apá kan sí i. Owó gbígbó ₦25,000, ìtọ́jú ₦42,000, epo ₦40,000, ó jẹ́ ₦107,000 fún kìlómítà 400. Kìlómítà kan jẹ́ ₦267 àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Bí ọkọ̀ kan náà bá rin kìlómítà 1,000 lóṣù, epo yóò di ₦100,000, àpapọ̀ yóò di ₦167,000, kìlómítà kan yóò sì wálẹ̀ sí ₦167. Lóòótọ́ táyà àti ọ́ìlì yóò yára tán díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yí padà: ọkọ̀ tí ó dúró sílé ni ó wọ́n jù. Àgbẹ̀ mẹ́wàá tí ó ń kó ẹrù lọ sí ọjà kan náà ní ọjọ́ kan náà kò nílò ọkọ̀ mẹ́wàá. Ìdí tí a fi ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyí. Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà ní 1935 ni ọgbọ́n yìí ti wà nídìí iṣẹ́ wa: ohun tí ó wúwo fún ẹnì kan, ọwọ́ púpọ̀ a máa gbé e.

KÍ A TÓ RÀ Á

Ìlú Òsì ni ìlú Àrẹògún, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kú ní 1954, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun. Gbẹ́nàgbẹ́nà gidi kì í ti irin bọ igi tí kò tíì yẹ̀ wò. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀:

1. Ẹ lọ wò ó ní àárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Bí ẹni tí ń tà á bá ti tan án sílẹ̀ dè yín, ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó gbọ́ bí ó ti ń dún.
2. Ẹ fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má rà á.
3. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin kan nínú àmì gígùn róbótó. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Táyà lè máa dán kí ó sì ti gbó.
4. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á.
5. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó wo ọ̀dà rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ máa wo omi àti ọ́ìlì kí ẹ tó jáde. Ẹ má ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ nígbà tí ó bá gbóná, omi ibẹ̀ a máa bó èèyàn. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa gbọn fílítà afẹ́fẹ́, nítorí eruku ọ̀nà wa pọ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ọkọ̀ kó èrò, kí ó sọ ọ́ kedere nínú fọ́ọ̀mù, nítorí ìwé ọkọ̀ àdáni yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ èrò.

OHUN TÍ A BẸ ÌGBÌMỌ̀

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó gbogbo ẹgbẹ́ wa: "Èló ni ohun tí o fẹ́ rà yóò máa jẹ lóṣù?" Kí ẹni tí ń yáwó kọ ìdáhùn rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì kà á sí etí onídùúró kí ó tó buwọ́ lùwé. Àwa náà kò ní fàmì sí ìwé tí ìlà yìí bá ṣófo nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe ní ó ti pẹ́ tí a ti ń lo fọ́ọ̀mù àtijọ́. Gbogbo Nàìjíríà yí ọwọ́ tí wọ́n ń gbà wakọ̀ padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní 1972. Ìlà kan nínú fọ́ọ̀mù kò le tó ìyẹn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ta ọkọ̀ náà. Ó pàdánù níbẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ó san owó àwọn onídùúró rẹ̀ tán. Ọmọ ìyá oní-gàárì wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nínú ìwé ẹgbẹ́, gbèsè náà ti parí. Ọdún kan tí ọmọ náà fi jókòó sílé ni kò sí nínú ìwé kankan, kò sì sí bí a ti lè san án padà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú ẹgbẹ́ yín, ta ni ó ní ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà tí ó lè sọ iye tí ó ń jẹ lóṣù? Kí ó ṣàlàyé bí ó ti mọ̀ ọ́n.
2. Ẹ fi iye owó ọjà yín ṣe ìṣirò òkè yìí. Èló ni ó jẹ́ ní ọ̀dọ̀ yín?
3. Ẹrù wo ni ọmọ ẹgbẹ́ yín ń kó lọ sí ọjà kan náà ní ọjọ́ kan náà? Ǹjẹ́ ọkọ̀ kan lè kó o?
4. Bí ẹ bá jẹ́ onídùúró, kí ni ẹ óò béèrè kí ẹ tó buwọ́ lùwé?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn yín sílẹ̀. Nígbà tí a bá dé láti yẹ ìwé wò, a óò kà á pẹ̀lú yín. Ó dìgbà náà o.